Férémù dígí mi já lulẹ̀: ṣé ọwọ́ tó ń sín yẹtí lè ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ilé?

Àdùnní_Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà: ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, yẹtí. Ọwọ́ mi ti mọ abẹ́rẹ́ débi pé mo lè máa sín in kí ojú mi wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó ti ra ẹ̀gbà ọrùn mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni, ọrùn kan ṣoṣo náà ló ní. Àwọn kan nínú wọn ti ń bi mí pé, "Ṣé o ò lè ṣe nǹkan tá a máa gbé sí pálọ̀?" Ni mo bá ní kò burú.

Mo ra dígí kan tó ní férémù pákó. Òde férémù náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 30, pákó rẹ̀ sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 yíká. Mo ní màá fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ bò ó pátá, irú èyí tí mo fi ń ṣe yẹtí, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Ọjọ́ kìíní, inú mi ń dùn. Ọjọ́ kẹrin, ọrùn ń ro mí. Ọjọ́ kẹsàn-án, mi ò tíì bo ìdajì. Nígbà tí mo wá parí ẹ̀, mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri, mo gbé e kọ́, mo bọ́ sẹ́yìn kí n lè wò ó dáadáa. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: níbi tí mo dúró sí, ìlẹ̀kẹ̀ kankan ò hàn. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi ọ̀dà kùn ún.

Lóru ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ gbì! Ìṣó ti yọ, dígí ti fọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ti fọ́n dé abẹ́ àga.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí n padà sídìí yẹtí mi jẹ́ẹ́jẹ́, àbí ibì kan wà tí mo ti ṣì í? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù o.

Ṣeun_Waya

Pẹ̀lẹ́, Àdùnní. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí tiẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí ni. Ìdúró àbẹ́là ni tèmi. Waya bàbà tí mo fi ń ṣe yẹtí, tó nípọn ní mìlímítà 0.8, ni mo fi wé e. Ó rẹwà lórí tábìlì bí òwú aláǹtakùn. Mo gbé àbẹ́là lé e, ó rọra tẹrí ba bí ọmọ tó ń kí àgbà, àbẹ́là sì dojú bolẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì ṣáná sí i.

Mi ò tíì ṣe òmíràn láti ìgbà náà. Mo jókòó síbí kí n gbọ́ ohun táwọn àgbà máa sọ.

BàbáBàbà

Àdùnní ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Ṣeun, ìwọ náà kú ewu àbẹ́là.

Ohun kan náà ló ṣe ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ilé, yẹtí tó dàgbà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi bàbà ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀.

Mo gé ewé bàbà kan fún yẹtí: ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3, ó fẹ̀ ní 2, ó nípọn ní ìdajì mìlímítà. Tí mo bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò ju gíráàmù 2.7 lọ. Etí ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo tún wá gé òmíràn fún tíréè kékeré: ó gùn ní 30, ó fẹ̀ ní 20, ó nípọn ní mìlímítà 1.2. Ìyẹn ti súnmọ́ gíráàmù 645. Bàbà kan náà o! Bí o bá sọ nǹkan di ìlọ́po méjì ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní nínípọn, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwúwo la fi ń ra irin.

Ẹlòmíì á ní, ó dáa, màá lo èyí tó tín-ín-rín. Tín-ín-rín náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Tíréè tó jẹ́ ìdajì mìlímítà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ bí ewé ni. Etí rẹ̀ ni kí o ṣiṣẹ́ lé. Ká etí náà sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan yípo, irin tó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan á dúró gan-an. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé páànù òrùlé máa ń ní ìgbì lára. Tí páànù bá tẹ́ pẹrẹsẹ, atẹ́gùn á fi ṣeré.

Ṣeun, waya rẹ. Gbé 0.8 yẹn sílẹ̀, mú 1.6. Lójú, ìlọ́po méjì péré ni, ṣùgbọ́n líle tí kò fi ní tẹ̀ lábẹ́ ẹrù jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Pílíyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó o fi ń ká yẹtí ò ní lè mú un, ọrùn ọwọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún ọ. Tí waya bá le jù, ju ú síná kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, kí o tì í bọ omi. Bàbà ò dà bí irin dúdú: tó o bá tì í bọ omi, kò ní le, á ṣì rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Iná gáàsì kékeré tí a fi ń jó òrùka pọ̀ kò lè jó tíréè. Ara bàbà ń gbé ooru lọ kíákíá: ibi tí ò ń yáná sí ò tíì gbóná tán, òdìkejì ti fa ooru náà lọ. Èmi kì í bá a jà mọ́. Rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn waya kúkurú tí a lu orí rẹ̀ méjèèjì tẹ́, ni mo fi ń de ọwọ́ tíréè mọ́ ara rẹ̀. Lu ihò tó bá waya mu gẹ́lẹ́, kí waya náà yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó yọ tó nǹkan bí ìdajì nínípọn ara rẹ̀. Fi òòlù kékeré máa lu orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, yípo yípo, títí á fi tẹ́ rẹrẹ bí orí olú. Má fìbínú lù ú. Tí o bá fìbínú lù ú, waya á wọ́ nínú ihò, iṣẹ́ sì ti bàjẹ́ nìyẹn.

ÌyáIyùn

Bàbá ti sọ ti irin. Ẹ jẹ́ kí n bá Àdùnní ka ìlẹ̀kẹ̀, torí mo rò pé kò kà á kó tó bẹ̀rẹ̀.

40 lọ́nà 30 jẹ́ 1,200. Àárín tí dígí wà jẹ́ 30 sí 20, ìyẹn 600. Ohun tó kù fún ọ láti bò jẹ́ 600 ní sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́rin. Ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 2 máa ń tó 25 nínú sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́rin kan. Àdùnní, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìlẹ̀kẹ̀ lo gbé lé pákó! Tí ọwọ́ rẹ bá yá tó bẹ́ẹ̀ tó o ń to ìlẹ̀kẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, wákàtí 25 nìyẹn láìmu omi, láìdìde. Ká ní o lo oní-mìlímítà 4, ìlẹ̀kẹ̀ 3,750 ni, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ká ní oní-mìlímítà 8 ni, kò tó ẹgbẹ̀rún kan.

Ṣùgbọ́n wákàtí kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó o sọ pé o bọ́ sẹ́yìn tí ìlẹ̀kẹ̀ ò hàn ni. Yẹtí, ẹni tó bá dì mọ́ ẹni ló ń rí i. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ni ohun tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ń wá. Ohun tó wà lára ògiri, ẹni tó ń wọlé ló máa kọ́kọ́ rí i, láti ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà ńlá ni kí o fi ṣe ara férémù, ńlá gan-an, kí o sì jẹ́ kí pákó máa yọjú láàárín rẹ̀. Wẹ́wẹ́ tó o fẹ́ràn yẹn, ìlà méjì péré, létí inú lọ́dọ̀ dígí. Ibẹ̀ ni èèyàn máa ń sún ojú mọ́ tó bá ń wo ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni á ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Má sì máa lẹ̀ wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sín in sórí okùn ná, bí ìgbà tó o ń ṣe ẹ̀gbà. Fa ìlà gúlùù, tẹ́ okùn náà sórí rẹ̀, fi rúlà tì í kó tọ́. Kó gbẹ kó o tó fa ìlà kejì. Ìlà méjì nínú gúlùù tútù á máa ti ara wọn kiri.

Mo_Ń_Bi_Yín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi í bóyá ó yẹ kó ṣe é rárá? Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló máa ń mú bọ̀. Ọmọ yìí ní ọdún mẹ́sàn-án nídìí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó ń ṣe férémù ní ayùn, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú pákó sí, wọ́n sì mọ irú ìṣó tó ń di irú ògiri wo mú. Òun, inú àpótí kan ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ibo ló fẹ́ kó férémù ogún sí? Yẹtí ogún, àpò kan ni. Tí ẹnì kan tó wà lọ́nà jíjìn bá ra yẹtí, àpòòwé á gbé e. Dígí ńkọ́?

Akéwé

Ìbéèrè rẹ dáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. René Lalique, ará Faransé tí wọ́n bí ní 1860, ohun ọ̀ṣọ́ ara ló fi gba orúkọ. Níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900, iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò, torí ó ń fi ìwo ẹran àti dígí sára wúrà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé dáyámọ́ńdì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìgò lọ́fínńdà fún François Coty, ó ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìkòkò òdòdó àti àtùpà, nígbà tó sì di 1921 ó dá ilé iṣẹ́ dígí sílẹ̀ ní Wingen-sur-Moder, ní Faransé.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyí. Ẹ mọ bí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe ń da òrùka: wọ́n á fi ìda mọ ọ́n, wọ́n á fi ohun bí amọ̀ bo ìda náà, wọ́n á yáná sí i kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á wá da irin sí àyè tó ṣófo. Lalique mú ọ̀nà yẹn, ó fi ṣe dígí. Ọgbọ́n ọwọ́ ló kó lọ, kò kó òrùka lọ.

Georg Jensen, alágbẹ̀dẹ fàdákà ará Denmark, náà wà níbẹ̀. Ní 1904 ló ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Copenhagen. Ohun ọ̀ṣọ́ ara ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ìkòkò tíì àti ṣíbí fàdákà rẹ̀ gbajúmọ̀. Kò pa òrùka tì o.

Mo_Ń_Bi_Yín

Akéwé, o ṣeun, mo gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ wọn. Ọwọ́ méjì ni Àdùnní ní, ọrùn sì ń ro ó.

Àdùnní_Ìlẹ̀kẹ̀

Hàà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Màmá, ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ Mo_Ń_Bi_Yín dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mi ò ní ayùn. Kí n tó gbà fún un, mo tún ní èrò méjì. Ọ̀kan, ìbòrí àtùpà tí mo máa fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, kí iná máa gba inú rẹ̀ tàn. Èkejì, ohun pẹrẹsẹ tí à ń gbé ife lé, kí n da rẹ́síìnì, omi tó máa ń gan le bíi dígí, bo ìlẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà á já lulẹ̀?

Táyọ̀_Rẹ́síìnì

Èyí kò ní já lulẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ife ni! Mo ti kàn án rí. Mo ṣe mẹ́fà fún àǹtí kan, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù lábẹ́ rẹ́síìnì tó mọ́ gaara bí omi. Lọ́sẹ̀ kejì ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ó gbé ife tíì gbígbóná lé e, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, nígbà tó máa gbé ife, ohun tí a gbé e lé náà bá a dìde. Nígbà tó já a, àpẹẹrẹ ìdí ife ti wà lójú rẹ̀ roboto. Títí dòní kò kúrò. Mo dá owó àǹtí padà, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ rẹ́síìnì tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò máa ń rọ̀ tí ooru bá ti dé nǹkan bíi 50 sí 60°C. Omi tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Irú tó ń gba ooru wà, wọ́n máa ń kọ iye ooru tó lè gbà sára ìgò rẹ̀. Kà á kó o tó rà á. Tí wọn ò bá kọ nǹkan kan, má fi ṣe ohun tí ife máa jókòó lé. Fi ṣe ohun tí òrùka àti kọ́kọ́rọ́ á máa sùn lé lálẹ́, inú àwọn èèyàn á dùn sí i bákan náà.

Ti ìbòrí àtùpà: irú gúlóòbù wo ni? Ti àtijọ́ tó ní waya pípọ́n nínú, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń jẹ tó jẹ́ pé ooru ló ń sọ dà. Gúlùù tí a fi ìbọn gbígbóná yọ́ á tún yọ́ padà lójú rẹ, ìlẹ̀kẹ̀ á máa jábọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gúlóòbù LED tutù ju ìyẹn lọ fíìfíì. Síbẹ̀, waya ni kí o fi sín in, má lo okùn ìpẹja. Jẹ́ kí àyè wà láàárín gúlóòbù àti ìlẹ̀kẹ̀, kí orí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí ooru rí ibi gbà jáde. Kọ irú gúlóòbù tó gbọ́dọ̀ lò sí ìwé kékeré, so ó mọ́ ọn. Má kàn fẹnu sọ ọ́. Ẹni tó rà á lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Má sì fọwọ́ kan iná fúnra rẹ tí o kò bá kọ́ ọ. Ra ìdí àtùpà tó ti pé, ìbòrí rẹ̀ nìkan ni kí o ṣe.

ÌyáIyùn

Táyọ̀, o káre. Mo fẹ́ fi kún un fún ẹni tó bá ń ronú abọ́ bàbà tàbí ti idẹ, torí ẹnì kan á béèrè rẹ̀ láìpẹ́. Yẹtí, kò sẹ́ni tó ń bù ú jẹ. Abọ́ yàtọ̀. O lè sọ fún oníbàárà pé ọ̀ṣọ́ ni, ọjọ́ tí àlejò bá dé, yóò gbé oúnjẹ sínú rẹ̀. Ohun kíkan máa ń jẹ bàbà, bàbà á sì wọnú oúnjẹ. Idẹ kan tún wà tí wọ́n fi òjé díẹ̀ sí kó lè rọrùn fún ẹ̀rọ láti gbẹ́. Lójú, ìwọ ò ní mọ ìyàtọ̀. Tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ìdí abọ́: "Ọ̀ṣọ́ nìkan". Tàbí kí o ṣe é lọ́nà tí oúnjẹ ò fi ní lè jókòó síbẹ̀. Èmi máa ń lu ihò ọ̀ṣọ́ sí ìdí tèmi, ọ̀ràn parí.

BàbáBàbà

Ìyá, ihò yẹn dáa. Mo máa jí i lò.

Ìdọ̀tí irin náà ńkọ́? Fàdákà tí èèyàn ń wọ̀, awọ ara àti aṣọ ń nù ún lójoojúmọ́. Èyí tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, imí-ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀. Ìka ẹni tó gbé e lọ́jọ́ tó rà á gan-an á hàn lára rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí ìgbà tí wọ́n tẹ ìka sórí ìwé. Nù ún mọ́ fínnífínní, fi ìda díẹ̀ pa á lára, fi aṣọ rírọ̀ dán an. Ìbọ̀wọ́ ni kí o wọ̀ tó o bá ń dì í fún oníbàárà.

Àwọn kan fẹ́ kó dúdú o. Bi wọ́n kó o tó fi ìda pa á.

Ṣeun_Waya

Mo ti ń ronú láti àná. Mo_Ń_Bi_Yín ní àpótí kan ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa. Kí ló dé tá ò wá ohun inú ilé tó ṣì wọ inú àpótí kan náà?

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń so kọ́tíìnì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni! Kọ́tíìnì ló kàn wọ̀ ọ́. Ẹ wo ọwọ́ dúróà, roboto bí ojú òrùka. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ojú fèrèsé kí oòrùn lè máa tàn gba inú rẹ̀, yẹtí gígùn ni. Àdùnní ò nílò ayùn fún ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Àpòòwé á sì gbé wọn.

Mo_Ń_Bi_Yín

Ẹn-ẹ́n! Ìgbà tó yá lẹ wá ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ dúróà ni kí ó ṣe, torí kò sẹ́ni tó ń ra ẹyọ kan. Dúróà mẹ́fà, ọwọ́ mẹ́fà. Ẹni tó bá ra mẹ́fà, ọ̀kan á já lọ́jọ́ kan, á padà wá.

Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún fọ́tò. Mo ti ra "ìkòkò òdòdó" rí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Nígbà tó dé, igi ìtayín ló lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó yà á kò fi nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí mo lè fi mọ bó ṣe tóbi tó. Yẹtí, etí ni òṣùwọ̀n rẹ̀, gbogbo wa la mọ bí etí ṣe tó. Ohun inú ilé kò ní òṣùwọ̀n àfi kí o fi ọwọ́ ẹni, ìwé tàbí ife sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

ÌyáIyùn

Mo_Ń_Bi_Yín, ìwọ tó o ní kó má ṣe é!

Àdùnní, fún ti kọ́tíìnì, má fi okùn tó o fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ sín in. Ọwọ́ ẹni ń bá ẹ̀gbà lọ síbi gbogbo. Kọ́tíìnì ń fà á sí ojú kan tọ̀sán-tòru, etí ihò ìlẹ̀kẹ̀ onídígí á sì máa yún okùn bí ayùn. Waya tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rá bò ni kí o lò. Oòrùn tún ń bẹ lójú fèrèsé: ìlẹ̀kẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n rẹ ẹ́ láró ni, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Mú mélòó kan, fi ìdajì síta nínú oòrùn, kó ìdajì sínú àpótí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Àdùnní_Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan.

Mo ṣe àyẹ̀wò oòrùn tí Màmá sọ. Nínú àwọ̀ mẹ́sàn-án, méjì ṣá. Ọ̀kan nínú wọn ni pupa tí mo fẹ́ràn jù, tó ti di àwọ̀ eyín tí kò mọ́. Mo dúpẹ́ pé ilé mi ló ti ṣá.

Kọ́tíìnì: mo fi okùn wọn aṣọ náà nígbà tí mo kó o jọ, ó gba sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí mo máa ń ṣe kì í ju 18 lọ. Mo lo ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 8, márùndínlọ́gọ́rin ló gbà. Mo ṣe méjì láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, mo sì ṣì rí àyè dá ẹnì kan lóhùn lórí fóònù. Mo gbé e kọ́, mo bọ́ sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìlẹ̀kẹ̀ hàn! Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló hàn. Mo pariwo, ọmọ mi rò pé nǹkan ti tún já lulẹ̀ ni.

Oníbàárà mẹ́ta ti béèrè fún un. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n ṣe yẹtí tó bá kọ́tíìnì òun mu, mo sì ń ṣe é.

Ọwọ́ dúróà ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo ra ọwọ́ pákó roboto, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, iwájú àti ẹ̀gbẹ́. Ó lẹ́wà bí èso. Ṣùgbọ́n sukúrúù kan ṣoṣo ló dì í mú láàárín, nítorí náà tí wọ́n bá ti fà á, ńṣe ló ń yí. Bó ṣe ń yí ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ń bọ́ síni lọ́wọ́. Mo dè é le títí, ó tún ń tú.

BàbáBàbà

Ọmọ mi, ó ku díẹ̀. Yọ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kúrò. Ibẹ̀ ni ìka máa ń dì mú, fi pákó síbẹ̀ lásán, fi pépà tó ń họ pákó dán an. Iwájú nìkan ni kí ìlẹ̀kẹ̀ wà, kí o sì gbẹ́ ojú rẹ̀ wọnú díẹ̀ kí etí pákó ga ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, bí ìgbà tí òkúta jókòó sínú òrùka.

Kó má bàa máa yí, ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta sukúrúù, béèrè wọ́ṣà eléyín. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni, eyín wà yí i ká. Fi sí àárín ọwọ́ náà àti ojú dúróà kó o tó dè é. Eyín rẹ̀ á wọ pákó méjèèjì.

Àdùnní_Ìlẹ̀kẹ̀

Bí ìgbà tí òkúta jókòó sínú òrùka. Bàbá, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé!

Mo ń lọ ra wọ́ṣà.

Ṣeun_Waya

Bá mi ra díẹ̀ kún tìẹ, jọ̀ọ́. Ìdúró àbẹ́là mi ti dúró. Ọwọ́ mi ló ń dùn mí báyìí.